Owú Ló Fọwọ́ sí Ìwé Náà

Mo rántí ìgbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road, tí mo ń jowú akẹgbẹ́ mi obìnrin bí ìyálé ṣe ń jowú ìyàwó. Ọjọ́ kan náà la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ òun ni ọ̀gá wa máa ń yìn. Bí aláìsàn bá kọ̀ láti wọlé, tí èmi ti ń wá ìwé tí a fi ń dá ènìyàn dúró tipátipá, òun á jókòó tì í, á máa bá a sọ̀rọ̀ títí onítọ̀hún á fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù. Ó máa ń dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Lọ́jọ́ kan, ẹbí kan gbé àbúrò wọn wá, obìnrin tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà. Kò sùn mọ́, ó ń bá ẹni tí a ò rí jà. Irọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń pa ni wọ́n pa fún un: wọ́n ní ìyá wọn ló ń ṣàìsàn, kí àwọn lọ kí i. Ó ra ọsàn dání.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màámi dà?" Nígbà tó rí i pé irọ́ ni, ó fárígá, ó ní òun ò wọlé.

Akẹgbẹ́ mi ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní wákàtí kan. Irọ́ yẹn ló ń bí i nínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ná."

Mo ní ewu wà. Àwọn àgbà iṣẹ́ wa náà ò fẹnu kò lórí ẹ̀: àwọn kan ní ká kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là, àwọn kan ní ẹni tí a fipá mú kì í padà wá. Àmọ́ kì í ṣe ewu ni mo ń rò. Mi ò fẹ́ kó tún rí ìyìn gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ni. Èmi ni iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ náà. Mo fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n dì í mú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ọsàn fọ́n ká ilẹ̀. Akẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ọsàn náà, inú sì tún bí mi sí i. Nígbà tí ọ̀gá ka ìwé náà, wọ́n kàn ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," wọ́n bá tiwọn lọ.

Ara obìnrin náà yá, àmọ́ kò padà wá gba oògùn. Akẹgbẹ́ mi ló ń lọ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, láìmẹ́nu ba ilé ìwòsàn, títí obìnrin náà fúnra rẹ̀ fi béèrè ọjọ́ tó lè wá.

Èmi náà ti di ọ̀gá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé obìnrin náà ní ọjà Bódìjà. Ó dá mi mọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé ọ̀rá ọsàn kan lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi fún dókítà mi."

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ akẹgbẹ́ mi ní Ring Road láìjẹ ẹyọ kan. Láti Bódìjà títí dé ibẹ̀, mò ń jowú.