Èmi Ni Ọ̀gá Tí Kò Fún Mi Láàyè Ìsinmi

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ni ni mo ní mò ń sá fún. Mo gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan ní Àgbowó, mo di ọ̀gá ara mi. Inú mi dùn débi pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kun ilẹ̀kùn rẹ̀.

N kò mọ̀ pé èéfín ni n ó máa jẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló wà láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù wa, kálukú ló sì ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Bí iná bá ti lọ, kálukú á gbé tirẹ̀ síta, á kọjú ihò èéfín rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì. Ìríra gbáà! A lè para pọ̀ ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kan, kí a gbé e sẹ́yìn ilé. Ta ni yóò gbà? Ṣebí ọ̀gá ni gbogbo wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí tiyín kúrò lọ́dọ̀ mi," mo sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin onídìrí tó wà lódìkejì.

"Kí n yí i síbo? Sínú ṣọ́ọ̀bù mi? Tìrẹ ńkọ́, ta ló kọjú sí?"

Òun náà ni tèmi kọjú sí. N kò sì yí i.

Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ a sùn lóru. Ní tiwa, gbogbo wa la jọ ń jẹ kòkòrò náà. Mo fun imú, dúdú. Mo tutọ́, dúdú. Ó ń rí mi lára. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ bí àyà mi ṣe ń dún ní kí n kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá Dùgbẹ̀ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹnu rẹ̀, ì bá fún mi láàyè. Ọ̀gá tuntun yìí, èmi fúnra mi, kọ̀ jálẹ̀. Aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀.

Léèsì funfun ni. Mo ń fọwọ́ rán etí rẹ̀ nígbà tí ikọ́ bú jáde lọ́fun mi. Kí n tó yí orí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti ta sí i láyà, ó dúdú bí ọ́ìlì tí mẹkáníìkì dà nù. Ṣíọ̀! Mo sáré bu omi, mo fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń rọ̀ ọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó mọ́.

Ìgbà náà ni mo tó rántí pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó kù ṣì wà lẹ́nu mi. Ìyàwó tó ni aṣọ sì ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kí mi, "Ẹ kúuṣẹ́ o, mà."

Mo gbé e mì, mo sì rẹ́rìn-ín sí i.