Orúkọ mẹ́rin tí mo kọ

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlaròó, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti fún mi níṣẹ́ ní Kútọnú. Mi ò tíì débẹ̀. Mi ò tíì rí ọ̀gá kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa pé kéèyàn dúpẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ ohun tó ń fẹ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ló mú iṣẹ́ náà wá. Ó ní ilé oúnjẹ kan ń wá àwọn tí yóò máa dáná. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn tó gbọ́ ẹ̀rí mi yí mi ká. Ẹ̀gbọ́n ní kí n bá òun kọ orúkọ wọn, torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Mo kọ orúkọ mẹ́rin. Aránṣọ kan ládùúgbò wa wà nínú wọn. Òun ló bèèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní ìwé àṣẹ ìjọba láti máa kó èèyàn lọ síbi iṣẹ́?”

“Ìwé àṣẹ kẹ̀? Ṣé ìbọn ni mo fẹ́ rà ni? Ìwọ ṣáà lọ di ẹrù ẹ.”

A rẹ́rìn-ín. Aránṣọ wojú mi. Mo ní, “Má bẹ̀rù, èmi náà ń lọ.”

Ọ̀nà ẹ̀yìn Ìhunbọ́ la gbà kọjá ààlà, lórí ọ̀kadà. Kò sí ilé oúnjẹ kankan. Ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ni wọ́n kó wa sí. Wọ́n gba fóònù wa, wọ́n ti géètì mọ́ wa. Àwọn nǹkan míì ṣẹlẹ̀ tí mi ò ní kọ síbí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ gé ìka méjì lọ́wọ́ aránṣọ. Nígbà tí wọ́n ṣí géètì láti gbé e jáde, gbogbo wa sá tẹ̀ lé e.

Bàbá aránṣọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá nígbà tí a délé. Wọ́n mú Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe èmi àti aránṣọ. Ọ̀gá tó ń fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò gbé bébà kan sórí tábìlì.

“Màmá, ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ kó òṣìṣẹ́ jọ. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀. Ta ló kọ àwọn orúkọ yìí?”

Aránṣọ rọra sọ sí mi létí pé, “Àǹtí mi, ẹ ní Ẹ̀gbọ́n ni. Mi ò ní sọ nǹkan kan.”

Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kúkú ti mú Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi dì mí mú ni ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

“Èmi ni, sà.”

Ọ̀gá náà fún mi ní bírò. “Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ o, ohun tí ẹ bá kọ lè padà kàn yín ní kóòtù.”

Mo kọ ọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n má kúrò nílùú títí wọn yóò fi pinnu bóyá ẹlẹ́rìí ni mí tàbí ọ̀daràn. Wọn ò tíì pè mí.