Aṣọ Tí Wọ́n Ń Lù Lẹ́yìnkùlé

Èmi ni mò ń gba ohùn sílẹ̀ fún fíìmù tí à ń ṣe ní Ìbarà. Bí mo ṣe gbé hẹdífóònù sétí lánàá, kùm, kùm ni mo gbọ́: ẹnì kan ń fi igi lu àdìrẹ lẹ́yìnkùlé kó lè dán. Olùdarí ní kí n lọ dá wọn dúró. Mi ò dìde; mo tún tẹ hẹdífóònù mọ́ etí.

Lọ́kàn mi, mo ti padà di ọmọdé ní Aké, lórí ẹní tó ń rùn fún aró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀.

“Àjọkẹ́, kí ló ń dún?” Ìyá Àgbà bi mí, ó ń wo ẹnu mi.

“Ọkadà ni. Ó ti kọjá.”

“Òmíì ńkọ́?”

“Wọ́n ń lu aṣọ nílé kejì.”

“Báwo ló ṣe ń dún?”

Mo fi ìka méjì lù ú sí i lápá. Ó dijú, ó rẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ ọmọdé ni. Ó ń kánjú.”

Eré ni mo kà á sí. Omi aró tó ń kán sínú báàfù pàápàá, mo ròyìn ẹ̀ fún un.

Oníbàárà kan wọlé, ó kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà ń ya aṣọ lọ. Mo fọwọ́ tọ́ ọ. Ó gbójú sókè, ó nawọ́ sí mi: “Etí mi nìyí. Òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.” A rẹ́rìn-ín. Orí mi wú.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé etí rẹ̀ ti di pátápátá nígbà náà.

“Àǹtí, kí la ń dúró dè?” Olùdarí ló tún pè mí.

Ìka mi méjì wà lápá mi, wọ́n ń lù ú jẹ́jẹ́.

“Ẹ ní sùúrù díẹ̀,” mo ní. “Mò ń bá ẹnì kan gbọ́ ọ ni.”