Àdúrà Ìyá Ìjọ Ògida

Tí ẹnìkan bá ti fa “Olúwaaa” gùn nínú àdúrà, ìyá ìjọ kan tá a jọ gbélé ní Ògida nílùú Bìní ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, inú a sì tún bí mi. Ìjókòó iwájú ni tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kì í fẹnu kan ọbẹ̀ ìyàwó ọmọ ẹ̀, torí pé ọmọ Bìní ni. Nítorí pé Píjìn làwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ fi ń dá a lóhùn, ó gbà pé wọn ò gbọ́ Yorùbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn níbi àdúrà ilé. Ìyá ìjọ dijú.

“Olúwaaa, lé àjèjì yìí jáde nílé ọmọ mi.”

Àlejò ló ń pe onílùú ní àjèjì.

Ọmọ-ọmọ ẹ̀ obìnrin kọjú sí ìyá ẹ̀. “Mummy, Grandma say make God drive you comot for our house.”

Ìyá ìjọ ò tilẹ̀ lajú. Ó ní, “Lórúkọ Jésù.”

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.