Ẹni Tó Dáhùn Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ ọ̀gá àwọn panápaná nínú ọkọ̀ ogun ojú omi. Iṣẹ́ mi ò ta kókó. Bí aago ìdágìrì bá dún, gbogbo wa á tò sókè, n ó pe orúkọ. Bí iye bá pé, a ó ti ilẹ̀kùn yàrá tó ń jó, a ó tú gáàsì sí i. Gáàsì yẹn máa ń pa iná. Ó máa ń pa èèyàn pẹ̀lú.

Oníná ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Òun ló bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ wa, mẹkáníìkì kan tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí ìrìn rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì mọ́jú, nítorí náà, bí a bá ń ṣe ìdánrawò lọ́sàn-án, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń wà. Tí mo bá pe orúkọ rẹ̀, Oníná á fọwọ́ bo ẹnu, á yí ohùn padà: "Mo wà ńbí, sà!" Ẹ̀rín á sọ.

"Ṣé ìyàwó lo fẹ́ ni, àbí gbogbo ilé wọn?" Kúùkù ọkọ̀ wa ló ń wí bẹ́ẹ̀.

"Jẹ́ kó sùn jàre. Tó bá rù délé, èmi lẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa dì mú."

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, iná sọ ní yàrá ẹ́ńjìnì. Èéfín bo àtẹ̀gùn. Mo pe orúkọ wàrà-wàrà. Mo dórí Jẹ́jẹ́: "Mo wà ńbí, sà!" Èèyàn méjìdínlógójì, iye pé. A ti ilẹ̀kùn, mo tú gáàsì.

Oníná sáré lọ jí àna rẹ̀. Ó sáré padà dé, ó gbá mi lápá mú.

"Ọ̀gá, ẹ ṣílẹ̀kùn! Kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ó sọ̀kalẹ̀ lọ di nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnì kan tó gbàgbé láti dì. Èmi ni mo dáhùn! Mo rò pé ó ń sùn ni!"

Mo ṣírò rẹ̀. Bí a bá ṣí i, gáàsì á jáde, atẹ́gùn á wọlé, iná á tún ràn. Ẹ̀gbẹ́ yàrá yẹn gan-an ni àgbá epo wà. Ẹnì kan, tàbí èèyàn mẹ́tàdínlógójì. Mi ò ṣí i. Ọkùnrin mẹ́rin ló di Oníná mú.

A ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ti bá Jẹ́jẹ́, sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, mo tẹ̀lé Oníná lọ sílé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà ò wò ó. Èmi ló kọjú sí.

"Bàbá, ọdún mélòó lẹ ti ń gbọ́ ohùn àbúrò mi?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ ò wá mọ̀ pé kì í ṣe òun ló dáhùn?"

Mo ní mo mọ̀. Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, èmi náà sì rò pé ó ń sùn ni.

Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí àwa méjèèjì máa lọ. Ọdún kẹfà rèé. Oníná ò tíì padà sílé yẹn.