Wọ́n Kun Irin Bàbá Sẹ̀gilọlá

Ẹ má sọ fún mi pé inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Gbogbo ẹni tó ń pẹ̀tù sí mi nínú látìgbà tí a ti sin ọkọ mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣe ni inú sì túbọ̀ ń bí mi.

Ọkọ mi ni Bámigbóyè, Bàbá Sẹ̀gilọlá, àgbẹ̀ kòkó ní Ìjerò níbí. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á ní wọ́n le. Wọn kò le, ariwo ni wọn kò fẹ́. Wọ́n lè jókòó tì ọ́ láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán á fi jinná, kí wọ́n má sọ ju “ẹ̀n-ẹ́n” lọ. Ṣùgbọ́n tí ewúrẹ́ bá ti sún mọ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa, wàá gbọ́ ohùn wọn dé ọjà.

Nítorí irin ni. Sẹ̀gilọlá, ọmọ wa obìnrin, ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Lọ́dún kan ó wá sílé, kò bèèrè iṣu, kò bèèrè epo, èèpo kòkó ló ní òun ń fẹ́. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.

“Èèpo tí mò ń dà sídìí igi kó jẹrà?”

“Bàbá, mo fẹ́ fi ṣe ọ̀dà tí kò ní jẹ́ kí irin dípẹtà ni.”

“Èèpo kòkó fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ jẹrà. Òun ló fẹ́ gba irin sílẹ̀?”

“Ẹ ṣáà jẹ́ ká wò ó.”

Ó sá èèpo náà, ó lọ̀ ọ́, ó sè é, ó fún oje rẹ̀ jáde, ó pò ó mọ́ àwọn nǹkan mìíràn. Ó gé irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ọ̀dà tirẹ̀ kun àwọn kan, ó fi ọ̀dà ọjà kun àwọn kan, ó fi ìyókù sílẹ̀ lásán. Ó wá so gbogbo wọn mọ́ ara ọgbà ní ìlà méjì, lókè àti nísàlẹ̀, kí oòrùn máa pa wọ́n, kí òjò máa pa wọ́n, ká lè mọ èyí tí ìpẹtà yóò kọ́kọ́ mú. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nù wọ́n, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Bí bàbá ṣe di ọlọ́dẹ irin nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ wò wọ́n, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí tíṣà ń bá wí, wọ́n á na ọrùn. Ayálégbé wa kan sá aṣọ sára ọgbà lọ́jọ́ kan, ó dìjà.

“Ìyá Sẹ̀gi, wá wò ó. Èyí tí wọn ò kùn ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ti ọmọ mi rèé, ó ṣì ń dán.”

Ọmọ wọn ni o, lọ́jọ́ tí irin bá dán. Lọ́jọ́ tó bá kù díẹ̀ káàtó, ó ti di ọmọ mi.

Òjò ọdún mẹ́rin ti pa àwọn irin náà. Ó ku ti ọdún kan, kí Sẹ̀gilọlá kó wọn lọ fi han àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èèpo kòkó. Ibẹ̀ la wà tí àyà ríro fi mú bàbá lóko, ilé ìwòsàn ni wọ́n kú sí.

Wọ́n gbé òkú sí mọ́ṣúárì, a bẹ̀rẹ̀ sí múra ìsìnkú. Wọ́n ní kí èmi jókòó sínú yàrá, pé opó kò gbọdọ̀ máa rìn káàkiri. Àwọn ìyá ìjọ Áńgílíkà wa yí mi ká, wọ́n ń kọrin. Joshua, àbúrò ọkọ mi tí a ń pè ní Bàbá Tọ́pẹ́, wá gba àkóso ilé. Ẹ mọ̀ pé ilé tí a óò ti sin àgbà, a máa ń kùn ún. Ó mú pẹ́ńtà kan wá, Àbídèmí, ọmọ Ìkìrun tó ti pẹ́ ní Ìjerò.

Wọ́n kun ilé tán. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tí mo tún gbọ́ òórùn ọ̀dà láti ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ́tí. Ohùn Àbídèmí àti ti Bàbá Tọ́pẹ́ ń bọ̀ láti ojú fèrèsé.

“Bàbá, àwọn irin ara ọgbà wọ̀nyí ńkọ́? Ṣé kí n kó wọn dànù ni?”

“Kó kí ni dànù? Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn wọn ju èmi gan-an lọ. Kùn wọ́n! Ṣé ìpẹtà ni kí àlejò wá bá ní ulé ẹ̀gbọ́n mi?”

“Àwọn kan ṣì ń dán nínú wọn o.”

“Kùn wọ́n tojú-tẹ̀yìn, kí wọ́n jọra!”

Mo dìde. Màmá Naomi, olórí àwọn ìyá ìjọ, di ìborùn mi mú.

“Ìyá Sẹ̀gi, níbo? Opó ni yín o!”

“Ẹ fi mí sílẹ̀.”

“Kí layé á wí?”

“Kí ayé wá bá mi lẹ́yìnkùlé, kó wí i.”

Mo fi ìborùn sílẹ̀ fún un, mo já síta láìwọ bàtà. Àbídèmí ti kun ìlà òkè tán, ó funfun báláú. Ó ń nawọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀. Mo kó sáàárín, ọ̀dà rẹ̀ fọ́n sí aṣọ dúdú lára mi.

“Gbé ọwọ́ rẹ sọ́hùn-ún!”

Bàbá Tọ́pẹ́ sáré dé. “Ìyàwó wa! Ṣé orí yín pé? Pàǹtí irin lẹ torí ẹ̀ jáde nínú yàrá opó? Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì wọlẹ̀!”

“Ẹ̀gbọ́n yín ló ń ṣọ́ ọ! Iṣẹ́ ọmọ wọn ni. Ojú fèrèsé mi lẹ dúró sí, ẹ ò lè yọjú bi mí?”

“Mi ò fẹ́ fi ìyẹn yọ opó lẹ́nu ni.”

“Ẹ ti yọ mí lẹ́nu báyìí.”

Àbídèmí yára mú àkísà àti kẹrosíìnì. “Màmá, ẹ jẹ́ kí n nù ún kó tó gbẹ.” Mo kígbe mọ́ ọn débi pé àkísà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá nù ún, ọ̀dà ọmọ mi tó wà lábẹ́ á bá a lọ.

Mo fi fóònù Màmá Naomi pe Sẹ̀gilọlá. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

“Màámi, èyí tí wọ́n kùn ti kúrò nínú iṣẹ́. Ìlà ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dà ò ta sí i?”

“Kò ta sí i. Ara mi ló ta sí.”

“Oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Ó lè tó. Ẹ má kó wọn wọlé o, kí òjò lè máa pa wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.”

Ta ni kí n fi ṣọ́ ọ? Bàbá Tọ́pẹ́ tó pè é ní pàǹtí? Mo ní kí wọ́n gbé ẹní mi jáde wá sídìí ọgbà. Màmá Naomi ní òun ò rí irú èyí rí. Mo ní, “Ẹ ti rí i báyìí.” Ibẹ̀ ni mo jókòó sí títí di ọjọ́ ìsìnkú. Ẹni tó bá fẹ́ kí mi kú ọ̀fọ̀, kó gba ẹ̀yìnkùlé wá.

Wọ́n ti wá fẹjọ́ mi sun àlùfáà. Wọ́n ní kí n bẹ Bàbá Tọ́pẹ́ níwájú ẹbí, pé mo dójú tì í lójú àlejò. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Òjò ọdún yìí ṣì ń rọ̀, mo ní irin tí mò ń ṣọ́. Òun ni kó lọ bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tó bá sì fẹ́ wá bẹ̀ ẹ́ nílé wa, kó má mú ọ̀dà dání.