Òjò Oṣù Mẹ́ta Nínú Kàyé Bàbá Mi

Òórùn èéfín àti epo pupa ló kọ́kọ́ jáde nígbà tí mo tú àwọn kàyé náà lé orí tábìlì ní ilé ìwádìí. Mo rántí pé ojú tì mí. Àwọn tí a jọ wá síbẹ̀ láti Tógò, láti Nìjẹ́ẹ̀ àti láti Kamẹrúùnù ti kó nọ́ńbà tiwọn sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Èmi nìkan ni mo gbé kàyé mẹ́rìndínlógún, ìwé tí ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ iṣẹ́, wá láti Pobẹ̀, tí aáyán sì ti jẹ etí àwọn mìíràn nínú wọn.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì ni, àwa ń pè é ní atẹlíè. Ìmọ̀ ìṣeéṣe ni wọ́n ń kọ́ wa níbẹ̀, bí a ṣe ń fi nọ́ńbà sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, bí òjò, bí àìsàn, bí iye èso tí igi yóò so lọ́dún tó ń bọ̀. Olúkúlùkù ni yóò mú nọ́ńbà wá láti ìlú rẹ̀, yóò fi ṣiṣẹ́, yóò sì dúró níwájú gbogbo ilé ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni wọn yóò fún láàyè ní yunifásítì kan lókè òkun láti lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé. A kì í sọ̀rọ̀ nípa àyè yẹn sókè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò rò ó.

Òjò ni mo mú wá. Bàbá mi ni olùtọ́jú ilé-ìwé kékeré kan lẹ́yìn ìlú Pobẹ̀, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń gbà bọ̀ láti Onígbolo. Kí wọ́n tó bí mi ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ kan ti wá ri ohun ìwọn òjò mọ́ àgbàlá ilé-ìwé náà, tí wọ́n ní kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ife òjò ni àwa ń pè é nílé. Lójú tèmi, kò sí ọjọ́ tí bàbá mi kì í tọ̀ ọ́ lọ, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọdún, ìbáà jẹ́ ọjọ́ òkú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí i tí ó ń tẹ̀ ba lé tábìlì, tí ó ń fi ọwọ́ tó le bí ẹ̀ka igi kọ nọ́ńbà wíwọ́wíwọ́ sínú kàyé. Mo gbà pé òun ló kọ gbogbo rẹ̀, bí ìwé ọwọ́ inú àwọn kàyé ìṣáájú tilẹ̀ yàtọ̀. Mi ò bi í rí.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n kọ́ wa ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn ọ̀bẹ tuntun. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ń wọn òjò lóòótọ́, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú iye òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ojúsàájú: òní lè jẹ́ méjì, ọ̀la méje, ọ̀tunla òdo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sílé tó ń hùmọ̀ nọ́ńbà, ibi tó rọrùn, bí òdo tàbí márùn-ún, ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ. Mo wá fi ọgbọ́n yìí yẹ àwọn kàyé bàbá mi wò. Ohun gbogbo lọ déédéé títí mo fi dé kàyé kẹfà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìgbà tí àgbàdo tuntun gbó, oṣù mẹ́ta gbáko, gbogbo òjò ló parí sí òdo. Ìwé ọwọ́ náà sì ń bàjẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí nọ́ńbà fi ń yọ̀ kúrò lórí ìlà. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ méje ṣófo, kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bó ṣe dùn mí lọ, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn nínú wa tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dúró níwájú wọn pẹ̀lú bàtà tuntun, mo gbé àwòrán ojú ìwé náà sára ògiri, mo ní, “Ó ti rẹ ẹni tó ń kọ èyí. Ó jókòó sílé, ó ń hùmọ̀ òjò. Ẹ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ ẹni tí kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí mọ́ nìyẹn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹni tó jókòó tì mí sọ sí mi létí pé kí n lọ máa di ẹrù mi sílẹ̀.

Ẹni tó ń darí wa, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti dàgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kò pàtẹ́wọ́. Ó tẹjú mọ́ ara ògiri fún ìgbà díẹ̀.

“Ta ló kọ kàyé yìí?”

“Bàbá mi ni, Màmá.” Ohùn mi lọ sílẹ̀.

“Ṣé ó ṣì wà láyé?”

“Ó wà. Ó wà ní Pobẹ̀.”

“Ṣé Pobẹ̀ jìnnà síbí ni?”

“Rárá, Màmá.”

“Kí ló wá dé tí o fi bi nọ́ńbà léèrè, tí o kò bi í?”

Mo mú àwòrán náà kúrò lára ògiri. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ tíì dàgbà, mo sì ti dájọ́ ná, lórí ẹni tó bí mi lọ́mọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, tí kò sí ẹ̀kọ́, mo wọ tasí ní Àjàṣẹ́. A gba Sakété kọjá láì dúró, mo sì gun sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, láti gáréèjì Pobẹ̀ dé ilé. Bàbá mi wà lábẹ́ igi ọsàn, ó ń yin àgbàdo sínú agbọ̀n. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó tì í, èmi náà mú àgbàdo kan. A yin tó mẹ́ta mẹ́rin kí n tó lè yọ kàyé kẹfà jáde nínú báàgì. Ó gbà á, ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀ bí àwọn àgbà ti ń ṣe, ó sì ń fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“O ti rí i,” ni ó wí.

“Mo ti rí i, Bàbá. Mo sì ti sọ lójú gbogbo ènìyàn pé irọ́ lẹ kọ síbẹ̀.”

Kò bínú. Ó yin àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ju ṣùkù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ìyá rẹ ni.”

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ní Kétu ni wọ́n gbé mi lọ nígbà àìsàn náà, gbogbo ohun tí wọ́n sì sọ fún mi ni pé ìyá mi lọ tọ́jú ara. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé bàbá mi kò mọ̀wé kọ nígbà náà. Òun a ka ife òjò, a pe iye rẹ̀, ìyá mi tó ti ka ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni. Nígbà tí àìsàn dé tí wọ́n fẹ́ gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Sakété, òun fúnra rẹ̀ ló fi kàyé sáàárín aṣọ rẹ̀. Bàbá mi ní kó fi í sílé. Ìyá mi ní òun kò pa ọjọ́ kan jẹ rí, òjò tó bá rọ̀ níbi tí àwọn bá wà ni àwọn yóò kọ.

“Mo wá agolo wàrà kan,” ni bàbá mi wí, “èyí tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ gbọgba, nítorí àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ pé bó bá ti gbọgba, òjò inú rẹ̀ kì í parọ́. Mo gbé e sí gbangba lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Rúlà tí a rà sílẹ̀ de ilé-ìwé rẹ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Rúlà kò lè ka ohun kékeré tí ìgò inú ife òjò ń kà, ìyá rẹ ní kí a máa fi òdo sí ẹ̀yìn nọ́ńbà, kí àyè má bàa ṣófo. Mo mọ̀ pé kò tọ̀nà. Ó yẹ kí n sọ fún àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ bi mí pé mélòó ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró?”

Nígbà tí ọwọ́ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bàbá mi fẹ́ bá a di bírò mú, ó kọ̀. Ọjọ́ tó kọ gbẹ̀yìn, òjò kò rọ̀ ní Sakété. Òdo ló kọ. Ọjọ́ méje tó ṣófo ni ọjọ́ méje tí wọ́n fi sin ín. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi lọ bá ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́, ó ní kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ ení sí ẹ̀sán, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fa ọmọ-ọmọ lọ́wọ́.

Mo ń wo ojú ìwé tí mo ti fi han gbogbo ilé, tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá mi jẹ́ kí n sun ún tán.

“Yọ oṣù mẹ́ta yẹn kúrò nínú iṣẹ́ rẹ,” ló wí. “Òjò Sakété kì í ṣe òjò Pobẹ̀. Ohun tó o rí, òótọ́ ni. Irọ́ tí o pè é nìkan ni kí o gbà padà.”

Ní ọjọ́ tí atẹlíè parí, mo bẹ Màmá kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀, láì fi nǹkan kan pa mọ́. Mo ní n kò tíì rí ìwé ọwọ́ ìyá mi rí, àfi èyí tó wà nínú àwọn kàyé náà, tí mo sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Màmá ní kí n gbé kàyé náà wá, ó wo ojú ìwé yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa á dé kí ó tó dá a padà fún mi. Iṣẹ́ mi kò lágbára mọ́ láìsí àṣírí tí mo rò pé mo tú, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Nìjẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì fún ní àyè náà. Ó tọ́ sí i. Ó pẹ́ kí èmi tó rí tèmi, níbòmíràn.

Ọdún kẹta nìyí tí bàbá mi ti lọ. Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń pè láti wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nírú atẹlíè bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń rán wọn lọ bi ẹni tó kọ nọ́ńbà léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń kùn, wọ́n ní mo ń fi àkókò ṣòfò. N kì í bá wọn jà. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Ohun kan ṣoṣo ló ṣì wúwo lọ́kàn mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo bẹ bàbá mi lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ó dárí jì mí. Ìgbàkígbà tí mo bá sì ti sọ ọ́, ẹ̀rín ni yóò rín, yóò ní kí ni mo ṣe, ṣebí mo wá bi òun léèrè. Kò dárí jì mí rí, nítorí kò fìgbà kan gbà pé mo ṣẹ òun.